Kantíkantí, Ojú Owó àti Orí Ọmọ

Iṣẹ́ akáńtáǹtì ni mò ń ṣe, ẹ sì lè rò pé ọ̀rọ̀ owó orí ni mo gbé dé. Rárá o. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ orí gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kantíkantí sì ni pẹ̀lú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tí méjèèjì ti pàdé.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ẹbí pé jọ sílé wa ní Chadwell Heath níbí. Ìyàwó mi ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní High Road láti àárín ọ̀sẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kó lè pọ́n fún dòdò. Ó pọ́n lóòótọ́. Ó pọ́n débi pé kantíkantí ti yí i ká. Ìyàwó mi mú aṣọ ìnuwọ́, ó fẹ́ máa fi lù wọ́n. Ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní London, bá pariwo: "Ẹ rọra o, Àǹtí! Àwọn ọ̀gá mi nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé nítorí kantíkantí la ṣe rán ẹ níléèwé? Kantíkantí tí a máa ń fẹ́ kúrò lójú ẹmu?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ká sòótọ́.

Ọmọ náà ò bínú. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ́ńkù, ohun tí mò ń wò lára wọn ni bí ọpọlọ ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó máa dàgbà àti ìgbà tó yẹ kó dúró. Tí ìṣirò yẹn bá dàrú, nígbà mìíràn á di kókó. Nígbà mìíràn, orí ọmọ á kéré."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló pa ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ní 1982, mo jẹ́ ọmọdé ní Abẹ́òkúta. Ìyàwó bùọ̀dá mi àgbà bí ọmọ rẹ̀ kejì, obìnrin. Orí ọmọ náà kéré gan-an. Kò sí ìpalára kankan lára rẹ̀, kò sí àmì àìsàn, àfi orí tó kéré. Ọmọ náà pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn, ọ̀rọ̀ kò sì yọ lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wa. Àwọn àgbà ilé ṣe ìpàdé. Wọ́n ní ìyá náà ló jẹ orí ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Kó tó pé ọdún kan, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ fún un, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ṣágámù. Ọmọ náà kú ní ọmọ ọdún méje.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn yòókù padà sídìí oúnjẹ wọn, mo fà ọmọ àbúrò mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní kó wá ṣàlàyé fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, àti ohun tí mo kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Ta ni kantíkantí yìí?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Drosophila melanogaster. Ọmọ Áfíríkà ni, bíi tiwa. Ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti gbéra, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn àti èso èèyàn káàkiri ayé. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan kéde pé àwọn rí irú rẹ̀ nínú igbó ní Zimbabwe, níbi tó ti ń jẹ èso igi marula, láìsí pé ó ń gbé lọ́dọ̀ èèyàn.

Ẹni tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ni Thomas Hunt Morgan, ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ojú pupa ni kantíkantí ní. Ní 1910, Morgan rí akọ kan tí ojú rẹ̀ funfun. Ó tọ ipasẹ̀ ojú funfun yẹn láti bàbá dé ọmọ dé ọmọ-ọmọ, ibẹ̀ ló sì ti rí ẹ̀rí bí àwọn jíìnì ṣe tò sára okùn tí a ń jogún. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1933.

Jíìnì ni ìwé ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ẹ̀dà ìwé náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣìṣẹ́ kan tó máa ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Kantíkantí ní bí 14,000 irú jíìnì bẹ́ẹ̀, èèyàn ní bí 20,000. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìyàtọ̀ náà kò tó bí a ṣe rò? Nígbà tí wọ́n ti ka gbogbo ìwé kantíkantí tán ní 2000, wọ́n rí i pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn jíìnì tó ń fa àìsàn lára èèyàn ló ní irú rẹ̀ lára kantíkantí.

Láti ẹyin di àgbà, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ìgò kékeré kan gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Oúnjẹ wọn kò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ó fi bá ilẹ̀ wa mu. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Amos Abọ́lájí àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi kantíkantí ṣe ìwádìí nípa májèlé àti nípa èròjà inú ewéko. Ẹgbẹ́ kan tún wà tó ń jẹ́ DrosAfrica, tó ń kọ́ àwọn olùwádìí Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń lo kantíkantí. Ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, Isabel Palacios, jẹ́ olùkọ́ ní Queen Mary ní Mile End. Láti Chadwell Heath, ẹ wọ Elizabeth line dé Stratford, ẹ bọ́ sí Central line, ibùdó kan péré, ẹ ti débẹ̀. Kò jìnnà sí wa rárá.

Àpò méjì ìyá mi

Ó dáa. Báwo ni ọpọlọ ṣe ń dàgbà?

Ọpọlọ kantíkantí tó ti dàgbà ní nǹkan bí 140,000 sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn. Ní 2024, wọ́n tẹ àwòrán gbogbo wọn jáde, àti bí ọ̀kan ṣe so mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n wọn kì í dédé wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló bí wọn. Stem cell ni òyìnbó ń pe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Èmi á máa pè é ní sẹ́ẹ̀lì ìyá. Ní àárín ọpọlọ ìdin kantíkantí, bí ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì ìyá ló wà ní apá ọ̀tún, bí ọgọ́rùn-ún ní apá òsì. Àwọn díẹ̀ yìí ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ àárín yẹn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bá iṣẹ́ tèmi mu. Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé-ẹ̀rí akáńtáǹtì tí mo gbà tó kọ́ mi ju ohun tí ó fi kọ́ mi lọ. Àpò méjì ló máa ń so mọ́ ìbàdí. Ọ̀kan fún ojú owó, ìyẹn owó tó fi ń ra ọjà mìíràn. Ọ̀kan fún èrè, èyí tí a fi ń jẹun. Tí ó bá ti tà, ojú ẹsẹ̀ ló ti máa pín owó náà sí méjì. Kì í jẹ́ kí àpò méjèèjì dàpọ̀. Ó máa ń ní: "Ẹni tó jẹ ojú owó, ọjà ọ̀la ló jẹ yẹn."

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìyá ń ṣe gan-an nìyẹn. Tó bá fẹ́ pín sí méjì, kì í pín dọ́gba. Ó máa kọ́kọ́ to ẹrù rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó máa jẹ́ ìyá nìṣó, á kó o sí apá òkè. Ohun tó ń pàṣẹ pé "lọ di ọpọlọ", á kó o sí apá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á pín. Apá òkè á tóbi, á sì ṣì jẹ́ ìyá: ojú owó nìyẹn. Apá ìsàlẹ̀ á kéré, á di ọmọ: èrè nìyẹn. Ọmọ náà sábà máa ń pín lẹ́ẹ̀kan péré, á di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì, ó parí. Ìyá á tún bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń kó sí àpò ìsàlẹ̀ ní orúkọ. Mẹ́ta nínú wọn ni Numb, Prospero àti Brat. Òṣìṣẹ́ kẹrin, Miranda, ló ń gbé Prospero àti Brat lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka Shakespeare ní sẹ́kọ́ńdírì ti mọ̀ pé nínú The Tempest, Prospero ni bàbá Miranda. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ọmọ ló wá ń gbé bàbá pọ̀n.

Tí àpò méjèèjì bá dàpọ̀

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ìpín náà bá bàjẹ́? Ọ̀nà méjì ló lè gbà bàjẹ́, bí ọjà ṣe máa ń bàjẹ́.

Àkọ́kọ́, kí gbogbo rẹ̀ di ojú owó, kí èrè má sí. Tí jíìnì Brat bá bàjẹ́, àwọn ọmọ kan tó yẹ kó di ọpọlọ á padà di ìyá. Ìyá kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, wọn ò ní dúró. Kókó ọpọlọ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni orúkọ Brat ti wá, torí àwọn onímọ̀ kantíkantí máa ń sọ jíìnì ní orúkọ àbùkù tí wọ́n bá rí nígbà tó bàjẹ́. Ní 2005, Emmanuel Caussinus àti Cayetano González tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ègé kékeré lára ọpọlọ ìdin tí irú jíìnì wọ̀nyí ti bàjẹ́ lára rẹ̀, wọ́n fi í sínú ikùn kantíkantí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ègé náà wú ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ, ó ya wọ inú ara, ó sì pa kantíkantí náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìṣirò àpò méjì tó dàrú kò yọrí sí ohun kékeré.

Èkejì, kí ojú owó tètè tán. Kí ìyá pín lọ́nà tí kò dáa, kó kú, tàbí kó tètè di ọmọ. Ọjà á ti kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù kò ní pọ̀ tó, ọpọlọ á sì kéré. Jíìnì kan wà lára kantíkantí tó ń jẹ́ asp, tí wọ́n ṣàlàyé ní 1985. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú okùn tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa ẹrù sí ìhà méjì dúró dáadáa nígbà tó bá ń pín. Tí asp bá bàjẹ́, okùn á wọ́, ọpọlọ á kéré. Ẹ fi orúkọ asp yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ta ló ń ka ọjọ́?

Mo bi ọmọ àbúrò mi pé: "Báwo ni ìyá ṣe ń mọ irú ọmọ tó máa bí? Ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ò dọ́gba, àbí?"

Ó ní ó ní bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Nínú ẹyin kantíkantí, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìyá máa ń tan àwọn jíìnì kan níkọ̀ọ̀kan, tẹ̀léra-tẹ̀léra: Hunchback ló ń kọ́kọ́ jí, Krüppel tẹ̀ lé e, Pdm tẹ̀ lé e, Castor wá lẹ́yìn. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ ọjà Hunchback á ṣe iṣẹ́ kan, èyí tí a bí lọ́jọ́ Castor á ṣe òmíràn. Ní 2001, Chris Doe àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Oregon fi hàn pé tí èèyàn bá fi tipátipá mú Hunchback dúró, tí kò jẹ́ kó kúrò, ìyá á kàn máa bí irú ọmọ àkọ́kọ́ ṣáá. Bí ẹni tó ń ta iṣu ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí ọjọ́ aṣọ kò dé rí.

Ọjọ́ ìkẹyìn náà tún wà. Àwa akáńtáǹtì mọ̀ pé ọdún gbọ́dọ̀ parí, kí a ti ìwé. Ní 2008, Alex Gould àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Mill Hill ní London níbí fi hàn bí ó ṣe ń rí. Ẹ rántí Prospero, tí ìyá máa ń kó sí àpò ọmọ. Jálẹ̀ ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ, kì í wọ inú ìyẹ̀wù tí ìyá ń kó ìwé jíìnì tirẹ̀ sí. Nígbà tí àsìkò bá tó, lẹ́yìn tí ìdin ti wọ inú èèpo tó fẹ́ fi di kantíkantí, Prospero á wọ ìyẹ̀wù náà. Ìyá á pín lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tún ní pín mọ́. Àwọn jíìnì tó ń ka ọjọ́ ló ń ṣètò ìgbà tó máa wọlé. Tí kíka ọjọ́ yẹn bá bàjẹ́, ìyá kò ní dúró, á ṣì máa pín nínú kantíkantí tó ti dàgbà.

Oúnjẹ ló ń jí wọn

Apá yìí wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ nínú ẹyin, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá máa ń sùn. Ìdin á pa, wọ́n á ṣì wà lójú oorun. Kí ló ń jí wọn? Oúnjẹ ni. Ní 1998, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Jessica Britton àti Bruce Edgar, fi hàn pé tí ìdin bá jẹ ṣúgà nìkan, wọn ò ní jí. Èròjà inú purotéènì ló ń jí wọn.

Báwo ni ìròyìn oúnjẹ ṣe ń dé ọpọlọ? Ọ̀rá ara ìdin ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé purotéènì ti wọlé. Ó ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́ tó yí àwọn ìyá ká. Àwọn alágbàtọ́ wá tú ohun kan tó jọ ínsúlínì jáde, irú ínsúlínì tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ láàárín wa mọ̀ dáadáa. Ohun yẹn ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn ìyá pé ilẹ̀ ti mọ́. James Chell àti Andrea Brand ní Cambridge ṣàlàyé apá kan nínú rẹ̀ ní 2010. Ilé iṣẹ́ Gould ní Mill Hill ṣàlàyé òmíràn ní 2011.

Ní 2011 kan náà, àwọn ará Mill Hill rí nǹkan mìíràn. Tí ebi bá pa ìdin lẹ́yìn tí àwọn ìyá ti jí tán, tí ó sì ti dàgbà dé ìwọ̀n kan, ara rẹ̀ kò ní dàgbà mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ á ṣì máa dàgbà. Jíìnì kan tó ń jẹ́ Alk ló ń dáàbò bò ó. Bí ìyá tí ebi ń pa ṣe máa ń fi oúnjẹ tirẹ̀ fún ọmọ ni. Àwọn dókítà mọ irú rẹ̀ lára èèyàn: ọmọ tí kò rí oúnjẹ tó nínú oyún, ara rẹ̀ sábà máa ń kéré ju orí rẹ̀ lọ.

Ó wá dé orí èèyàn

Kantíkantí kì í ṣe èèyàn o. Ọpọlọ tiwa tóbi, ó ká, ó gba oṣù àti ọdún kó tó dàgbà. Ṣùgbọ́n ìṣirò àpò méjì wà nínú tiwa náà. Nínú oyún, sẹ́ẹ̀lì ìyá ọpọlọ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí á sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ àti ìgbà tí á máa bí ọmọ.

Ẹ rántí asp. Ní 2002, Geoffrey Woods, Jacquelyn Bond àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Leeds ń wá ìdí tí àwọn ọmọ kan fi ń wáyé pẹ̀lú orí kékeré nínú àwọn ìdílé kan, tí kò sì sí àìsàn mìíràn tó fà á. Wọ́n rí jíìnì kan tó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wo irú jíìnì tó jẹ́, asp kantíkantí ni wọ́n rí, tí ó wà lára èèyàn. Wọ́n pè é ní ASPM. Ohun tí wọ́n ti kà lára kokoro kan ní 1985 ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ iṣẹ́ tí jíìnì náà ń ṣe. Lónìí a mọ̀ pé ASPM ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì tó ń fa irú orí kékeré àjogúnbá yìí, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Báwo ni ọmọ ṣe ń jogún un? Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn níbí, torí a ti mọ AS àti SS. Ẹni tó jẹ́ AS, ara rẹ̀ dá. Tí AS méjì bá fẹ́ra, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, ní oyún kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ASPM rí. Bàbá ní ẹ̀dà kan tó dáa àti ọ̀kan tó bàjẹ́. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ohun tó ṣe àwọn méjèèjì. Orí wọn pé. Wọn ò lè mọ̀. Ọmọ tó bá wá gba ẹ̀dà tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, òun ni orí rẹ̀ á kéré.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí nìyí. Ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ní 1982, wọ́n kó ẹrù ìyá. Kò sẹ́ni tó kó ẹrù bùọ̀dá mi.

Mi ò sọ pé ASPM ló ṣe ọmọ wa o. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Ohun mìíràn náà lè fa orí kékeré. Kòkòrò àìsàn Zika, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda ní 1947, ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ ní Brazil ní 2015 àti 2016. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìyá ọpọlọ ọmọ inú oyún, á sì pa á: ojú owó gan-an ló ń jẹ. Rùbẹ́là lè ṣe é, ọtí púpọ̀ nínú oyún lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdí tí àwọn dókítà kọ sílẹ̀, mi ò rí àjẹ́ níbẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tó wúlò.

Tí ọmọ bá wà nínú ìdílé yín tí orí rẹ̀ kéré, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún GP yín pé ẹ fẹ́ kó darí yín sí ilé ìwòsàn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jíìnì. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n sì lè ṣàlàyé fún bàbá àti ìyá pọ̀, kì í ṣe ìyá nìkan, ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní oyún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wọn lọ o.

Tí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò nínú oyún, ẹ béèrè nípa Zika kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Títí di òní, kò sí oògùn tó ń mú irú orí bẹ́ẹ̀ tóbi. Ohun tó wà ni ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ láti rìn, láti sọ̀rọ̀, láti kàwé dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ní àgúnmu tó ń mú orí tóbi, ẹ pa owó yín mọ́. Akáńtáǹtì ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Mo pe Ṣágámù

Bùọ̀dá mi ti ṣaláìsí. Ìyàwó rẹ̀ ìgbà yẹn ṣì wà láyé, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìlú òyìnbó, ọdọọdún ni mo máa ń kí i, ṣùgbọ́n a ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yẹn rí. Lẹ́yìn ọjọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ó gbà mí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè pè é.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Mo sọ fún un nípa àpò méjì ìyá mi, torí ó mọ ìyá mi, ó sì mọ àpò náà. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe ọmọ náà gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ pé òun ṣe, kò sí nínú ohun tó lè fà á.

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti já. Ó wá ní: "Ọkọ mi, ṣé kantíkantí ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

Ó ní: "Ẹ ṣé o. Èmi mọ̀ látìgbà yẹn pé mi ò jẹ orí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó sọ ọ́ ló ti kú tán. Ta ló máa lọ sọ fún wọn?"

Mi ò rí èsì fọ̀ sí i. Àwọn tó ṣèpàdé lọ́jọ́ náà kò lè gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé ìdílé ṣì ń lọ, ní Abẹ́òkúta, ní Peckham, ní Houston, ní Chadwell Heath níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí lẹ sì ń jókòó níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún.

Ní ti ọmọ àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò pè é ní ọlọ́jà kantíkantí mọ́. Ìyàwó mi ṣì ń fi aṣọ ìnuwọ́ lé wọn kúrò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ o, ìyẹn ò ní dúró. Ṣùgbọ́n ó ti ń rọra lé wọn.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.